Ta Ló Ń Sáré, Èmi àbí Títì? Réédà Ojú Pópó àti Ọ̀rọ̀ Einstein

  Ohun tí mo sọ lórí ètò náà la kọ sílẹ̀ báyìí. Àwọn ibi tí mo ti ń wúkọ́ nìkan la gé kúrò.

Ìbéèrè kan ló bí ètò tọ̀sẹ̀ yìí. Bọ̀dá kan tó ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé èrò lórí áàpù fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp. Wọ́n dá a dúró ní ọ̀nà márosẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ kan tó dà bí ìbọn hàn án, wọ́n ní eré kìlómítà 118 ní wákàtí kan ló ń sá níbi tí òfin ti ní kí ó má kọjá 100. Owó ìtanràn tó san ló gbé gbogbo èrè ọjọ́ náà lọ. Ó ní òun ti gbọ́ pé Einstein sọ pé kò sí bí a ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ń rìn àfi tí a bá fi wé nǹkan mìíràn. Ó wá béèrè pé: "Ṣé mi ò lè sọ fún wọn pé èmi jókòó jẹ́ẹ́ nínú mọ́tò mi ni, pé àwọn àti títì wọn ló ń sáré bọ̀ wá bá mi? Àti pé ẹ̀rọ yẹn gan-an, ṣé kì í parọ́?"

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo tún un gbọ́, mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn ti fún àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá ní ẹ̀fọ́rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìkejì sì jẹ́ ọ̀rọ̀ owó, owó ẹni tó jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti wa mọ́tò. Àwọn méjèèjì yẹ lẹ́ni tí à ń dá lóhùn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ara ẹ̀rọ náà. Réédà ni. Ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kò yàtọ̀ ní ẹ̀yà sí ohun tó ń gbé nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wá sí fóònù yín, tàbí Wi-Fi inú ilé, tàbí ìmọ́lẹ̀ oòrùn pàápàá. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn: ìgbì tí agbára iná mànàmáná àti agbára òòfà jọ hun pọ̀, tó ń sáré lọ nínú òfuurufú. Ohun tó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ sí èkejì ni iye ìgbà tí ìgbì náà ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Hertz ni wọ́n fi ń ka iye yẹn. Ọ̀pọ̀ réédà ojú pópó ń lo gigahertz 24.15, ìyẹn ni pé ìgbì náà ń jó lẹ́ẹ̀mejì lọ́nà bílíọ̀nù méjìlá ó lé, ká kúkú sọ ọ́ báyìí: bílíọ̀nù 24 àti mílíọ̀nù 150 ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo.

Nígbà tí ìgbì yìí bá lu ara mọ́tò, kì í kàn ta padà bí ẹni tí wọ́n tì lẹ́nu ọ̀nà. Inú irin mọ́tò kún fún àwọn electron, àwọn ohun kíntínkíntín tó ń gbé iná. Ìgbì náà á dé, á mì wọ́n, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí ìlù tó bá wá. Electron tó bá sì ń jó, òun náà á máa tú ìgbì tuntun jáde sí gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ìtúká ìgbì nìyẹn. Díẹ̀ nínú ìgbì tó túká yìí ló padà sọ́wọ́ ẹ̀rọ tó rán an. Tí mọ́tò bá dúró, ìlù tó padà á bá ìlù tó lọ mu rẹ́gí. Tí mọ́tò bá ń rìn, kò ní bá a mu. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe é. Tírélà kan ń bọ̀, ó ń sá mítà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ dúró sẹ́bàá títì (ẹ má dán an wò lójú ayé o, inú ọpọlọ la ti ń ṣe é), ẹ gbá bọ́ọ̀lù lọ pàdé rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì ń sá mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó lu iwájú tírélà, ó ta padà. Eré mélòó ló máa fi padà wá bá yín?

Ọ̀pọ̀ á ní 30. Kì í ṣe 30. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mọ̀ ọ́n ni kí ẹ fi ọkàn gun tírélà náà, kí ẹ jókòó ti dírẹ́bà. Láti orí àga yẹn, tírélà ò lọ síbì kankan. Títì ló ń sá kọjá lábẹ́ yín, bọ́ọ̀lù sì ń fi 30 bọ̀, 10 tirẹ̀ pẹ̀lú 20 ti tírélà. Ó lu ògiri tó dúró, ó fi 30 náà ta padà. Ó parí níbẹ̀. Ó wá kù kí ẹ sọ̀kalẹ̀ padà sẹ́bàá títì. Bọ́ọ̀lù ń fi 30 sá kúrò níwájú tírélà tí òun fúnra rẹ̀ ń fi 20 bọ̀. 30 àti 20 jẹ́ 50. Bọ́ọ̀lù tí ẹ fi 10 gbá lọ ló ń fi 50 padà bọ̀ yẹn. Ẹ sá!

Ẹ di ọgbọ́n yẹn mú dáadáa. Gun ohun tó ń rìn, yanjú ọ̀rọ̀ níbẹ̀, níbi tí ohun náà ti dúró jẹ́ẹ́, lẹ́yìn náà kí o sọ̀kalẹ̀ padà. Kò sí ọgbọ́n mìíràn nínú ètò òní ju ìyẹn lọ.

Ó dáa. Tó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ lẹ rán lọ lu tírélà ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, ń sá bíi kìlómítà 300,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá fi ọgbọ́n bọ́ọ̀lù ṣe é, ó yẹ kí ó fi eré tó ju ti àtilọ lọ padà bọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe lọ náà ló ṣe padà, kò yá sí i, kò sì falẹ̀. Wọ́n ti wá ìyàtọ̀ yìí títí. Ní 1887, Albert Michelson àti Edward Morley lo ìmọ́lẹ̀ àti dígí ní Cleveland, ní Amẹ́ríkà, láti wò ó bóyá eré tí ayé wa ń sá yí oòrùn ká, bíi kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, á hàn nínú eré ìmọ́lẹ̀. Wọn ò rí i. Ayé ń sáré, ìmọ́lẹ̀ ò tiẹ̀ wo ojú rẹ̀.

Ẹni tó gba èsì yẹn gẹ́gẹ́ bí ó ṣe rí ni Albert Einstein. Ọmọ ọdún 26 ni ní 1905, ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ iṣẹ́ ọwọ́ àwọn olùṣẹ̀dá nǹkan wò ní ìlú Bern, ní Switzerland. Àkòrí ìwé tó kọ ní ọdún yẹn dá lórí iná mànàmáná nínú àwọn ohun tó ń rìn. Kò fi àkókò tàbí òfuurufú bẹ̀rẹ̀. Òòfà àti wáyà ló fi bẹ̀rẹ̀, ohun tó wà nínú jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn ilé yín. Tí òòfà bá ń yí tí wáyà sì dúró, iná á jáde. Tí wáyà bá ń yí tí òòfà sì dúró, iná kan náà á jáde, kò fi nǹkan kan dín. Síbẹ̀, nígbà yẹn, àlàyé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìmọ̀ físíìsì ní fún un: ọ̀kan fún òòfà tó ń rìn, ọ̀kan fún wáyà tó ń rìn. Ìyẹn ò tẹ́ Einstein lọ́rùn. Bí iná tó jáde bá jẹ́ ọ̀kan náà, kí ló dé tí ìtàn fi di méjì? Ó ní ìrìn tí òòfà ń rìn sí wáyà, tàbí tí wáyà ń rìn sí òòfà, òun nìkan ló ṣe pàtàkì. Ẹ rí i pé ìbéèrè bọ̀dá wa nìyẹn gẹ́lẹ́. Einstein ló kọ́kọ́ bi òòfà pé: ta ló ń rìn nínú yín?

Ohun méjì ló wá gbé kalẹ̀. Àkọ́kọ́, òfin ẹ̀dá kan náà ló wà fún gbogbo ẹni tó bá ń rìn lọ geere, tí kò yà, tí kò fi eré kún eré. Èkejì, eré ìmọ́lẹ̀ kan náà ni gbogbo wọn máa rí. Owó tó san láti gba méjèèjì pọ̀ ni pé ìṣẹ́jú àáyá tèmi àti ìṣẹ́jú àáyá tìrẹ kò ní dọ́gba mọ́ tí a bá ń sáré sí ara wa. Owó ńlá ni. Ó san án.

Nínú ìwé kan náà, ní apá kẹjọ, ó mú dígí kan tó ń rìn, ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ó sì ṣe ohun tí a ṣe sí tírélà: ó gun dígí náà, ó yanjú ọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó sọ̀kalẹ̀. Ó tiẹ̀ sọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ìṣòro ìmọ́lẹ̀ àti ohun tó ń rìn ni a lè fi ọ̀nà yìí yanjú. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tó ń ṣírò bí ìgbì ṣe ń túká lára bàálù tàbí sátẹ́láìtì ń gun nǹkan náà, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gun mọ́tò bọ̀dá wa. Ìgbì réédà ń bọ̀. Mọ́tò ń lọ pàdé ìgbì, nítorí náà orí ìgbì kọ̀ọ̀kan ń tètè dé ju bí ì bá ṣe dé lọ tí mọ́tò bá dúró. Bí ẹ bá ń rìn lọ pàdé ọ̀wọ́ èrò tó ń tò bọ̀, iye ẹni tí ẹ máa bá pàdé láàárín ìṣẹ́jú kan á ju ti ẹni tó dúró sójú kan lọ. Iye ìgbì lè báyìí lẹ́ẹ̀kan. Àwọn electron inú irin mọ́tò ń jó sí ìlù tuntun yìí, wọ́n sì ń tú u jáde bí wọ́n ṣe gbà á. Ẹ sọ̀kalẹ̀ padà sẹ́bàá títì. Mọ́tò tó ń tú ìgbì jáde yìí fúnra rẹ̀ ń bọ̀, ó ń lé ìgbì tirẹ̀, orí ìgbì ń fún mọ́ra wọn. Iye ìgbì tún lè lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀mejì: nígbà gígùn, àti nígbà sísọ̀kalẹ̀.

Christian Doppler, ọmọ Austria, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ ìgbì tó ń lè tó ń dín yìí ní 1842, ohùn fèrè ọkọ̀ tó yí padà bó ṣe ń kọjá lára yín sì wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn nílò afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ló sì ń dá ẹjọ́ ẹni tó ń rìn. Ìmọ́lẹ̀ ò nílò afẹ́fẹ́, kò sì sí ẹni tó máa dá ẹjọ́.

Ẹ wá wo bọ́ọ̀lù àti ìmọ́lẹ̀ papọ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi jù. Bọ́ọ̀lù tó lu tírélà gba agbára lọ́wọ́ tírélà, ó sì fi í ṣe eré. Ìmọ́lẹ̀ náà gba agbára lọ́wọ́ mọ́tò, ṣùgbọ́n kò lè fi ṣe eré, torí eré rẹ̀ ti dé góńgó. Níbo ló wá kó agbára ọ̀hún sí? Inú iye ìgbì ni. Bí ìgbì bá ṣe ń jó kánkán sí i, bẹ́ẹ̀ ni agbára inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, eré yín ò sọnù. Ó wà nínú ìlù tó padà, ó dúró síbẹ̀ kí ẹnìkan kà á.

Ẹ̀rọ náà á da ìgbì tó rán lọ àti èyí tó padà pọ̀, á sì ka ìyàtọ̀ àárín wọn. Lórí gigahertz 24.15, kìlómítà kan ní wákàtí kan jẹ́ ìyàtọ̀ bíi hertz 45. Eré 100 á fún un ní bíi 4,475. Eré 118 á fún un ní bíi 5,280. Ohùn tí etí ènìyàn lè gbọ́ nìwọ̀nyí! Bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún dùùrù ńlá ń dún ní bíi 4,186. Tí a bá so ẹ̀rọ náà mọ́ gbohùngbohùn, mọ́tò tó ń sá 100 á máa súfèé tó fi díẹ̀ ga ju bọ́tìnnì yẹn lọ. Àwọn réédà kan tiẹ̀ ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tó ń lò wọ́n gbọ́ ohùn yìí.

Bọ̀dá mi, ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ rè é. Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ̀rọ náà kò mọ ẹni tó ń sáré, kò sì lè mọ̀ ọ́n láéláé. Tí ẹ bá gbé réédà kan náà sínú mọ́tò yín, tí ẹ nà án sí pátákó ìpolówó tó dúró sẹ́bàá títì, 118 náà ló máa kà. Pátákó ló ń sáré bọ̀, ní ojú réédà. Bẹ́ẹ̀ náà ni réédà inú ọkọ̀ ọlọ́pàá tó ń rìn lọ ṣe lè ka eré ọkọ̀ mìíràn: ó ń gba ìgbì tó tú ká lára títì, ó ń gba èyí tó tú ká lára ọkọ̀ yẹn, ó sì ń yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ṣùgbọ́n òfin kò ní kí ẹ má sáré. Òfin ní kí ẹ má sáré ju 100 lọ sí títì. Ẹ̀yin pé títì ló ń sáré, àwọn pé ẹ̀yin ni, 118 ló wà láàárín yín. Einstein ò gbèjà yín rárá. Òun ló tiẹ̀ fi ọwọ́ sí ìwé ẹ̀sùn náà.

Ní ti ẹni tí réédà mú, Robert Watson-Watt pàápàá ò yọ. Òun ni ará Scotland tó fi hàn ní 1935, ní Daventry nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé ìgbì rédíò tó túká lára bàálù lè sọ ibi tí bàálù wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n fi réédà mú un ní Canada pé ó sáré jù, ó sì san owó ìtanràn.

Mo fẹ́ kìlọ̀ nǹkan kan. Ẹ máa rí fídíò tó ń sọ pé réédà ojú pópó jẹ́ ẹ̀rí relativity. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, aago inú mọ́tò tó ń sá 118 ń falẹ̀ sí aago ẹni tó dúró sẹ́bàá títì, ṣùgbọ́n bó ṣe kéré tó, mọ́tò náà á sáré fún bíi mílíọ̀nù márùn-ún ọdún kí aago rẹ̀ tó fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo gbẹ́yìn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, lílọ àti bíbọ̀ ìgbì ń pa á rẹ́. Nígbà tí ìgbì ń dé, mọ́tò tí aago rẹ̀ falẹ̀ ń ka ìgbì tó pọ̀ díẹ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú àáyá tirẹ̀. Nígbà tó ń tú u jáde, aago tó falẹ̀ yẹn kan náà ń mú kí ìgbì dín díẹ̀ lójú tiwa. Ohun tí ọ̀tún gbà, òsì dá a padà. Ẹni tó ṣe ìṣirò náà láì gbọ́ orúkọ Einstein rí, tó gbà pé réédà ló dúró, iye kan náà ló máa rí.

Ibi tí ìgbì bá ti rin ìrìn ẹ̀ẹ̀kan, tí kò padà, ni owó tí Einstein san ti ń hàn. Ní 1938, Herbert Ives àti G. R. Stilwell wo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde lára hydrogen tó ń sáré gidigidi, wọ́n wò ó níwájú, wọ́n sì lo dígí kékeré láti wò ó lẹ́yìn. Wọ́n rí i pé aago inú hydrogen náà falẹ̀, iye tí Einstein sọ ló sì fi falẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé Ives kò gba ti Einstein rárá, títí ó fi kú. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ẹ̀rí fún ẹni tí kò fẹ́.

Fóònù yín náà ń san owó yìí lójoojúmọ́. Àwọn sátẹ́láìtì GPS wà ní bíi kìlómítà 20,200 lókè, wọ́n ń sá bíi kìlómítà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbì wọn ń wá sọ́dọ̀ fóònù, kì í padà. Nítorí eré wọn, aago wọn ń pàdánù ìdá 7 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá lójúmọ́. Nítorí pé agbára ilẹ̀ tó ń fa nǹkan mọ́ra ò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lókè, wọ́n ń jèrè 45. Ó ṣẹ́ ku 38. Kí ìyẹn tó kọjá, ìmọ́lẹ̀ ti rin kìlómítà 11. Nígbà tí wọ́n gbé sátẹ́láìtì NTS-2 lọ sókè ní 1977, àwọn kan ṣì ń ṣiyèméjì pé ọ̀rọ̀ yìí á hàn, ni wọ́n bá fi ẹ̀rọ àtúnṣe sínú rẹ̀ láì tàn án. Wọ́n wo aago náà fún bíi 20 ọjọ́. Ó yára bí ìṣirò ṣe sọ, àfi ìyàtọ̀ tí kò tó nǹkan. Wọ́n bá tan ẹ̀rọ àtúnṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ìgbì tó ń túká, torí kì í ṣe mọ́tò nìkan la lè na réédà sí. Ní 1965, Gordon Pettengill àti Rolf Dyce lo réédà ńlá Arecibo ní Puerto Rico, wọ́n nà án sí Mercury, ìràwọ̀ tó súnmọ́ oòrùn jù nínú àwọn tó ń yí i ká. Nígbà tí nǹkan bá ń yí bí òòyì, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ẹ̀gbẹ́ kejì ń sá lọ. Iye ìgbì tó padà láti ẹ̀gbẹ́ kan á lè, ti ẹ̀gbẹ́ kejì á dín. Àwọn méjèèjì wo bí ìyàtọ̀ yẹn ṣe fẹ̀ tó, wọ́n sì rí i pé bíi ọjọ́ 59 ni Mercury fi ń yí po. Ọjọ́ 88 ni gbogbo ìwé ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ rò ó wò: ẹ̀rọ tó ń ka eré mọ́tò lójú pópó àti èyí tó tún ìwé ìràwọ̀ kọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe.

Àgùàlà náà wà níbẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Venus. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ pé àgùàlà ń bá òṣù rìn ni, kì í ṣe ajá òṣù. Ní 1964, Irwin Shapiro dábàá pé kí wọ́n rán réédà lọ sí àgùàlà àti Mercury nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́yìn oòrùn, kí ìgbì náà kọjá lẹ́bàá oòrùn ní àlọ àti àbọ̀. Ìrìn náà gba bíi ìdajì wákàtí tó bá jẹ́ ti àgùàlà. Einstein ti sọ ní 1915 pé ohun tó wúwo bí oòrùn ń yí àyè àti àkókò padà ní àyíká rẹ̀, Shapiro sì ṣírò pé ìgbì á fi bíi ìdá 200 nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n lo réédà Haystack ní Massachusetts láti dán an wò ní 1966 àti 1967. Ìgbì náà pẹ́.

Ibi tí dígí bá ti ń sáré gan-an ńkọ́? Tí dígí kan bá lè máa fi ìdá 8 nínú 10 eré ìmọ́lẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ yín, ìmọ́lẹ̀ tó bá lù ú á padà pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́sàn-án iye ìgbì tó fi lọ. Ìmọ́lẹ̀ pupa á padà di èyí tí ojú ò lè rí mọ́. Kò sí dígí tó lè sáré tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n electron lè sá a. Ní Duke University, ní North Carolina, wọ́n ń mú ìmọ́lẹ̀ lésà lu electron tó ń sáré gidigidi, ó sì ń padà bọ̀ bíi gamma ray, tí wọ́n fi ń wo inú ọkàn átọ́ọ̀mù. Tírélà àti bọ́ọ̀lù náà ni. Bọ́ọ̀lù ló kàn kéré púpọ̀.

Ó ku ìbéèrè kejì: ṣé ẹ̀rọ yẹn kì í parọ́? Fún ìgbì fúnra rẹ̀, rárá. Ibi tí àṣìṣe ti lè wọlé ni ọ̀dọ̀ ẹni tó nà án. Réédà kì í fẹ́ ìgbì rẹ̀ bí okùn, ó ń fẹ́ ẹ bí iná tọ́ọ̀ṣì. Tí fífẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ dìgírì 12, kí ó tó dé mítà 100, ó ti fẹ̀ ju mítà 20 lọ. Mọ́tò mẹ́ta lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Tírélà tó wà lẹ́yìn yín lè tú ìgbì púpọ̀ padà ju mọ́tò kékeré yín lọ, kí ẹ̀rọ sì ka eré tírélà. Nítorí náà, ìbéèrè tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé: ọkọ̀ mélòó ló wà níwájú ẹ̀rọ nígbà yẹn? Èyí tó ń lo lésà yàtọ̀. Òun ń rán ìmọ́lẹ̀ tíntín, ó ń ka àkókò tó fi lọ tó fi bọ̀, kò sì fẹ̀ ju bíi mítà kan lọ ní mítà 300. Ìkejì, ìgbà wo ni wọ́n dán ẹ̀rọ náà wò gbẹ̀yìn? Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà dán an wò látijọ́ wù mí púpọ̀. Wọ́n á mú irin kékeré ẹlẹ́ka méjì tí àwọn olórin fi ń mú ohùn, wọ́n á gbá a, wọ́n á gbé e síwájú réédà. Irin náà ò lọ síbì kankan, ó kàn ń gbọ̀n ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ á ka eré jáde lójú ẹsẹ̀. Tí iye tó kà bá yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sára irin, wọ́n á gbé ẹ̀rọ náà lọ fún àtúnṣe.

Ọ̀rọ̀ igun náà wà. Ẹ̀rọ náà ń ka kìkì eré tí ẹ fi ń bọ̀ tààrà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kò sí lójú ọ̀nà yín gan-an, ó wà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, nítorí náà ohun tó máa kà á dín ní eré tí ẹ sá lóòótọ́. Tí igun náà bá jẹ́ dìgírì 20, ẹni tó sá 100 á rí 94 lórí ẹ̀rọ. Ẹni tí ẹ̀rọ ní ó sá 118, bíi 125 ló sá. Bọ̀dá mi, tí mo bá wà nípò yín, ẹ̀rọ àti tírélà ẹ̀yìn ni mo máa béèrè. Mi ò ní dárúkọ igun rárá.